Àkànní, Fi Tọ́bò Méjì Yẹn Sílẹ̀ Ná

Àkànní, mo ti gbọ́ gbogbo ohun tó o wí, mo sì tún ohùn gígùn méjèèjì tó o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp gbọ́. Èmi ló kàn. Bó bá jẹ́ abẹ́ ọkọ̀ lo wà, jáde níbẹ̀, nuwọ́ rẹ, kó o jókòó. Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi wẹ̀, tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn fi ń ro mí, òun ló wá ń sọ fún mi pé, "Àǹtí mi, ayé tọ́bò méjì ti kọjá, ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́, kí n gbé ńlá kan sí i." Ta ló kọ́ ọ nírú ọ̀rọ̀ yẹn? Ṣé àwọn ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ jọ ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún ara yín wò lálẹ́ ọjọ́ Àìkú ni?

Mi ò bú wọn o. Ọmọlúàbí ni wọ́n, mo mọ èyí tó wá jẹ ìrẹsì nílé mi nínú wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tó máa bá ọ san owó tó o fẹ́ ná yìí, èmi sì mọ iye òru tó o fi ṣiṣẹ́ kó o tó rí owó náà kó jọ. Ohun tó ń mú mi pariwo nìyẹn.

Mo ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní Ládìípọ̀, ní Mushin, nígbà tó o ṣì ń gbé báàgì ìwé lọ sí pírámárì. Ẹ́ńjìnnì 2JZ tí kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, mo mọ̀ ọ́n. Èyí tí kò ní tọ́bò ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, torí òun ló wà nínú Lexus GS 300 tí àwọn ọ̀gá ń gùn l'Ékòó. Irin ni bulọ́ọ̀kù rẹ̀, ó wúwo, ó sì lágbára débi pé àwọn mẹkáníìkì kì í bẹ̀rù láti rà á fún oníbàárà wọn. Supra bíi tìrẹ ló ṣọ̀wọ́n nílé. Apá ọ̀tún ni Japan ń fi sítíárì sí, bẹ́ẹ̀ ni Britain náà, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún yín láti kó wọn wọlé síbẹ̀. Nàìjíríà ti fi wíwa apá òsì ọ̀nà sílẹ̀ láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972.

Ó dáa. Mo rí i nínú ọ̀rọ̀ rẹ pé o ń wa ọkọ̀ tí o kò tíì mọ bó ṣe ń mí. Tọ́bò, èéfín ló ń jẹ. Èéfín gbígbóná tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì á yí abẹ̀bẹ̀ kan, ọ̀pá kan so abẹ̀bẹ̀ yẹn mọ́ èkejì, èkejì á sì máa ti atẹ́gùn wọnú ẹ́ńjìnnì ju èyí tó lè fà fúnra rẹ̀ lọ. Bí atẹ́gùn bá pọ̀, epo tí ẹ́ńjìnnì lè jó á pọ̀, agbára á pọ̀. Alfred Büchi, ẹlẹ́rọ ará Switzerland, ló gba ìwé àṣẹ lórí èrò yẹn ní 1905, ìṣòro tó wà nínú rẹ̀ kò sì tíì yí padà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra yí, èéfín kò tó nǹkan, abẹ̀bẹ̀ ńlá á sì lọ́ra kó tó jí. Abẹ̀bẹ̀ kékeré á tètè jí, ṣùgbọ́n tí eré bá le, á há èéfín mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò ní lè mí délẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn lórí kan àti méjì ti bẹ̀rẹ̀.

Ọgbọ́n tí Toyota dá sí 2JZ-GTE, ìyẹn 2JZ tó ní tọ́bò, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sínú Aristo ní 1991 kó tó wọ Supra ní 1993, ni pé wọ́n fi kékeré méjì sí i, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, gbogbo èéfín sílíńdà 6 ni wọ́n ń darí sọ́dọ̀ tọ́bò kìíní. Òun nìkan ló ń jẹ ẹ́, ó sì tètè jí. Bó bá ń lọ sí nǹkan bí 3,500 yíyí ní ìṣẹ́jú kan, fáàfù kan á ṣí díẹ̀ kí èéfín lè máa yí tọ́bò kejì sílẹ̀. Bó bá fi máa tó 4,000, ọ̀nà ti ṣí pátápátá, méjèèjì á jọ máa ti atẹ́gùn. Porsche ti lo irú ètò bẹ́ẹ̀ nínú 959 ní 1986, Mazda náà lò ó nínú RX-7. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, Àkànní. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé inú ìlú ni ẹni tó ra ọkọ̀ náà máa gbé jù, wọn ò sì fẹ́ kó máa dúró de agbára.

Ẹni méjì tó ń gún iyán nínú odó kan ni tọ́bò méjèèjì yẹn. Bí ọwọ́ èkejì bá pẹ́, ariwo ni wàá gbọ́, o ò ní rí iyán. Ohun tó ń ṣe ọkọ̀ rẹ gan-an nìyẹn! Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ. O ní ó ń fà dáadáa títí dé nǹkan bí 4,000, á wá rọ̀ lójijì, kò sì ní gbà á padà mọ́. O ní tọ́bò ti kú. Ta ló sọ fún ọ pé ó ti kú? Àwọn fáàfù tó ń pín èéfín yẹn, hóòsì tín-ín-rín tín-ín-rín ló ń gbé ìtì atẹ́gùn tó ń ṣí wọn tó sì ń pa wọ́n dé. Hóòsì rọ́bà ni. Wọ́n ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ẹ́ńjìnnì láti 1995. Rọ́bà wo ni kò ní gan, tí kò ní sán? Bí ẹyọ kan bá ń jò, tọ́bò kejì kò ní gbọ́ ìpè, èéfín á sì máa ṣòfò. Bí ọ̀kan lára àwọn fáàfù kéékèèké tí iná mànàmáná ń darí bá kú, bákan náà ló rí. O ò tíì fọwọ́ kan hóòsì ẹyọ kan, o ti ń wá ẹni tó máa ra tọ́bò méjèèjì lọ́wọ́ rẹ. Àbí irú ìkánjú wo nìyẹn?

Mo rántí oníbàárà kan ní Ládìípọ̀ tó ra odindi ẹ́ńjìnnì tuntun nítorí èéfín dúdú, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn atẹ́gùn ló bàjẹ́. Ọmọ ẹni kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ẹni.

Nǹkan kan wà tó yẹ kó o bẹ̀rù ní tòótọ́, o ò sì dárúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ará Japan ni tìrẹ, abẹ̀bẹ̀ tó ń gba èéfín nínú tọ́bò rẹ kì í ṣe irin, seramíìkì ni. Ó fúyẹ́, ìyẹn ló ń jẹ́ kó tètè jí. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ àṣejù. Láti ilé iṣẹ́, nǹkan bí 0.7 sí 0.8 bar ni atẹ́gùn tó ń tì. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í jẹ́ kó kọjá 1.2 bar, torí abẹ̀bẹ̀ seramíìkì lè fọ́ tàbí kó já kúrò lórí ọ̀pá rẹ̀. Èyí tí Toyota ṣe fún ọkọ̀ tó lọ sí Britain àti Amẹ́ríkà, irin ni abẹ̀bẹ̀ tiwọn, ó sì ń gba ìyà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara ìdí nìyẹn tí ìwé fi ń ka agbára ẹṣin 280 fún ti Japan, tó sì jẹ́ 320 fún ti Amẹ́ríkà, yàtọ̀ sí pé àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Japan ti jọ fohùn ṣọ̀kan nígbà náà pé ẹnikẹ́ni kò ní kéde ju 280 lọ. Nítorí náà, ọmọkùnrin tó sọ pé kó o kàn "yí atẹ́gùn rẹ̀ sókè díẹ̀," sọ fún un pé àǹtí rẹ ní kó má tún fọwọ́ kan ọkọ̀ rẹ.

Ní báyìí, mi ò ní purọ́ fún ọ nítorí kí n lè borí. Òótọ́ wà nínú ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ. Toyota fúnra wọn ti fi méjì sílẹ̀ gba ẹyọ kan. Wo àbúrò 2JZ, 1JZ-GTE tó jẹ́ lítà 2.5. Tọ́bò méjì tó jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1996 wọ́n tún un ṣe, wọ́n fi tọ́bò kan ṣoṣo rọ́pò. Agbára ẹṣin 280 tó wà lórí ìwé kò yí padà. Ṣùgbọ́n agbára ìfà rẹ̀, 363 Nm tó jẹ́ pé 4,800 ló tó ń pé, ó di 378 Nm, 2,400 ló sì ti ń pé. Ìdajì! BMW náà ṣe bẹ́ẹ̀. N54 tí wọ́n gbé sínú 335i ní 2006, tọ́bò méjì. N55 tó jáde ní 2009, ẹyọ kan. Agbára ẹṣin 306 ni àkọ́kọ́ ní, 306 náà ni èkejì ní, méjèèjì ń fa 400 Nm, àti pé ti ẹyọ kan ló kọ́kọ́ ń dé ibẹ̀, ní 1,200, nígbà tí ti méjì ń dé e ní 1,300. Supra tuntun tó jáde ní 2019 gan-an, ẹ́ńjìnnì BMW tó ní tọ́bò kan ló wà nínú rẹ̀.

Ṣé o rí i? Mo ti bá ọ gbé ẹjọ́ rẹ dáadáa ju bó o ṣe gbé e lọ. Ṣùgbọ́n dúró kó o gbọ́ ìdí rẹ̀. Tọ́bò kan tí BMW fi sí i kì í ṣe irú agbada ńlá tó o fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Twin-scroll ni. Ọ̀nà èéfín méjì ló wà nínú ilé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì sílíńdà 6 tó tò lórí ìlà kan máa ń jó ní ìtẹ̀léra 1, 5, 3, 6, 2, 4. Bí gbogbo wọn bá ń da èéfín sójú ọ̀nà kan náà, èéfín sílíńdà kan á máa ti ti èkejì padà. Bí wọ́n bá kó 1, 2, 3 sí ọ̀nà kan, tí wọ́n kó 4, 5, 6 sí èkejì, ìkọlù yẹn á dópin, gbogbo ìtì èéfín á sì lu abẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú agbára rẹ̀. Ẹyọ kan ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹun bí ẹni tó ní ẹnu méjì.

Wá wo Porsche tó gba ọ̀nà kejì. 911 Turbo tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà ní 1975, tọ́bò kan ló ní. Gbogbo ẹni tó wà á nígbà yẹn ló mọ bó ṣe máa ń dákẹ́, tó wá máa ń fò lójijì, bóyá nígbà tí èèyàn ti wọ kọ́nà tán. Nígbà tó di 1995, wọ́n fi méjì sí i. Kí ló fà á? Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Láti kó èéfín apá méjì jọ sójú kan, páìpù gígùn ló máa gbà, ooru á ti sá kúrò lára èéfín kó tó dé ibi tí abẹ̀bẹ̀ wà. Ó dára kí apá kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ nítòsí. Irú rẹ̀ ló wà nínú Nissan GT-R tó jáde ní 2007, V6 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tọ́bò kan fún apá kọ̀ọ̀kan. Bí sílíńdà ṣe tò ló ń pinnu rẹ̀, Àkànní. Àsìkò ìsinsìnyí tàbí ayé àtijọ́ kò sí níbẹ̀.

Kí n tó gbàgbé, àwọn tó ń sọ pé tọ́bò kékeré méjì máa ń tètè jí ju ńlá kan lọ nígbà gbogbo, wọ́n ṣì í sọ. Bí méjèèjì bá jọ ń ṣiṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀, bíi ti Skyline GT-R tó jáde ní 1989, ìdajì èéfín ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rí jẹ. Abẹ̀bẹ̀ fúyẹ́ lóòótọ́, oúnjẹ rẹ̀ náà sì ti dín kù. Àǹfààní ti inú Supra rẹ yàtọ̀, torí tọ́bò kìíní ń rí gbogbo èéfín jẹ nígbà tí kò tíì pọ̀. Ohun tó o fẹ́ sọ nù nìyẹn, àwọn kan sì wà ní Britain níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn sọ ọ́ nù, wọ́n á so fáàfù tó ń ṣí ọ̀nà fún tọ́bò kejì ṣí títí láé kí méjèèjì lè jọ máa ṣiṣẹ́, nígbà yẹn ni wọ́n á máa ṣàròyé pé ọkọ̀ ò gbéra bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Tọ́bò tó o fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ ńkọ́? Mo wò ó. Ó tóbi. Bulọ́ọ̀kù 2JZ á gbà á, mi ò jiyàn, ìyẹn ló sọ ẹ́ńjìnnì náà di olókìkí káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n irú èyí tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ó lè di 5,000 kó tó jí dáadáa, ìlà pupa ọkọ̀ rẹ kò sì dé 7,000. Jẹ́ kí n bi ọ́. Tó o bá wà lórí òpópónà M25, tó o ń sá 70 máìlì tí òfin gbà, jíà kẹfà, mélòó ni ẹ́ńjìnnì rẹ ń yí? Nǹkan bí 2,500 ni. Níbi tó o ti ń lo ọkọ̀ rẹ lójoojúmọ́, tọ́bò ńlá á kàn máa sùn ni, tọ́bò kìíní nínú méjì tó wà níbẹ̀ báyìí ti jí. Ìgbà wo lo wá fẹ́ lo agbára ẹṣin 700? Ní Old Kent Road, láàárín bọ́ọ̀sì? Ẹni tó ń gbé ọkọ̀ lọ sí pápá eré ìje, tó jẹ́ pé òkè 5,000 ló ń gbé látàárọ̀ dalẹ́, mi ò bá a jà. Ẹyọ ńlá kan ló yẹ é, páìpù rẹ̀ kéré, ìdààmú rẹ̀ kéré. Ìwọ kì í ṣe ẹni yẹn. O ń wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, o sì ń san £12.50 owó èéfín ti ULEZ nígbàkígbà tó o bá wọ London.

Iye tí wọ́n pè fún ọ, ti tọ́bò nìkan ni, mo sì fẹ́ kó o mọ̀ ọ́n. Mánífóòdù tuntun ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, pẹ̀lú wastegate, páìpù èéfín, páìpù intercooler, páìpù ọ́ìlì tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fọ́n epo kò ní tó, fọ́ńpù epo kò ní tó, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì kò ní dá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mọ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe gbọ́dọ̀ tún un kọ. Lẹ́yìn èyí ni kílọ́ọ̀ṣì á bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀. Ilé iṣẹ́ adójútòfò gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa gbogbo àyípadà yẹn, torí bí o kò bá sọ fún wọn, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá sì bá ọ yọ ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́ dànù, ọkọ̀ náà kò ní yege àyẹ̀wò MOT.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù kò sí nínú owó. Ẹ̀yìn ni Supra fi ń ti ara rẹ̀. Ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ dákẹ́, tó wá dé lẹ́ẹ̀kan náà, lójú ọ̀nà tí òjò ti rọ̀ sí, kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Ìyá rẹ kì í sùn títí wàá fi tẹ̀ ẹ́ láago pé o ti délé. O mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe. Lọ ra hóòsì silikóònù tuntun fún gbogbo ọ̀nà atẹ́gùn kéékèèké yẹn, má yọ ẹyọ kan sílẹ̀. Gbé gééjì atẹ́gùn sí i, kó o lè fojú ara rẹ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní 3,500 àti ní 4,000. Jẹ́ kí wọ́n yẹ àwọn fáàfù náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, torí ọ̀pá inú tọ́bò ń yí ju 100,000 ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú kan, ọ́ìlì nìkan ló sì ń gbé e dúró. Má tẹ̀ ẹ́ kí ọ́ìlì tó gbóná, má sì pa ẹ́ńjìnnì lójijì tó o bá ti sáré dé. Mo bá ọ wò ó, mo sì gbà pé ọkọ̀ náà á tún padà sípò.

Bí wọ́n bá tú u, tí wọ́n sì fi hàn ọ́ lójúkojú pé abẹ̀bẹ̀ seramíìkì ti fọ́ tàbí pé ọ̀pá rẹ̀ ń mì, nígbà náà ni mo gbà pé kó o lọ sọ́dọ̀ ẹyọ kan. Kó jẹ́ twin-scroll, kó má tóbi, nǹkan bíi 62 mm lójú ibi tó ti ń gba atẹ́gùn, kí mánífóòdù rẹ̀ pín 1, 2, 3 kúrò lára 4, 5, 6. Ẹni tó bá fẹ́ ta mánífóòdù tí kò pín fún ọ pẹ̀lú tọ́bò twin-scroll, owó rẹ ló fẹ́ gbà, má dá a lóhùn. Má sì ta tọ́bò méjèèjì tó o bá yọ, bó ti wù kí wọ́n bàjẹ́ tó. Fi ọ̀rá wé wọn, kó wọn pamọ́, torí Supra tí gbogbo ohun tó bá a ti Japan wá ṣì pé lára rẹ̀ ti ń di ọ̀wọ́n, owó rẹ̀ sì ń gun òkè.

Ṣùgbọ́n hóòsì ni kó o kọ́kọ́ rà o, Àkànní. Ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi tó o bá ti tò ó, kí n lè bá ọ wò ó bóyá o so wọ́n pọ̀ síbi tó yẹ. Kó o sì pe ìyá rẹ lálẹ́ òní.